Ọ̀dà Abẹ́ Dáṣíbọ́ọ̀dù: Ẹjọ́ Lindy Chamberlain àti Àyẹ̀wò Tó Sọ Ọ́ Sẹ́wọ̀n

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 1982, ilé ẹjọ́ kan ní ìlú Darwin, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, dá aboyún kan tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́lé lẹ́bi pé òun ló pa ọmọ rẹ̀ jòjòló, adájọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Wọn kò rí òkú ọmọ náà, wọn kò rí ohun tí wọ́n ní ó fi pa á, kò sì sí ẹnì kankan tó rí i níbi tó ti ń ṣe ọmọ náà léṣe. Agbẹjọ́rò ìjọba fúnra rẹ̀ sọ fún ilé ẹjọ́ pé òun kò ní dábàá ìdí kankan tí ìyá náà fi lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé ẹjọ́ náà dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n sọ pé àwọn rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun nínú ọkọ̀ ìdílé náà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ yìí. Mo fẹ́ to ọ̀ràn náà lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé kì í ṣe irọ́ ni ẹnì kan pa tó fi di ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó ṣe àyẹ̀wò gbà gbọ́ pé òótọ́ ni àwọn ń sọ, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ẹjọ́ yìí yẹ fún àgbéyẹ̀wò fínnífínní.

Lindy Chamberlain ni ìyàwó Michael Chamberlain, pásítọ̀ ìjọ Adventist ti Ọjọ́ Keje ní Mount Isa, ìlú tí wọ́n ti ń wa bàbà ní ìpínlẹ̀ Queensland. (Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ bàbà yìí sọ́kàn.) Tọkọtaya náà kó àwọn ọmọ wọn mẹ́ta, ọkùnrin méjì àti Azaria tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta láyé, lọ lo ìsinmi ní Uluru, àpáta pupa ràgàjì tó wà láàárín gbùngbùn aṣálẹ̀ Ọsirélíà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Ayers Rock nígbà náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, àwọn tó pàgọ́ síbẹ̀ ń se oúnjẹ, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Lindy gbé Azaria lọ tẹ́ sínú àgọ́, kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ tó fi padà sídìí iná. Lẹ́yìn tó ti padà dé ni obìnrin kan tó wá láti Tasmania gbọ́ igbe ọmọ nínú àgọ́, ó sì pe àkíyèsí ìyá ọmọ sí i. Bí Lindy ṣe ń súnmọ́ àgọ́ náà ló rí dingo, ìyẹn ajá igbó ilẹ̀ Ọsirélíà, tó ń jáde láti inú rẹ̀. Igbe tó ké pé dingo ti gbé ọmọ òun lọ ni gbogbo ibùdó náà gbọ́. Nǹkan bí 300 èèyàn ló fi iná ìléwọ́ wá inú igbó ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò sì rí ọmọ.

Ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ rí ní alẹ́ yẹn ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe gbé e lọ lẹ́yìn náà. Àwọn atọpasẹ̀ láti inú ẹ̀yà Anangu, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tọ ipa ẹsẹ̀ dingo kan láti ẹ̀bá àgọ́, wọ́n sì sọ pé ẹranko náà gbé ẹrù. Wọ́n rí ibi tó ti gbé ẹrù náà kalẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gbé e, tí àmì aṣọ híhun sì hàn lójú iyanrìn. Olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà, Derek Roff, ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí pé àwọn dingo agbègbè náà kò bẹ̀rù èèyàn mọ́, pé ọmọdé lè di ìjẹ fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, arìnrìn-àjò kan rí lára aṣọ Azaria nítòsí ìdí àpáta náà, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin sí ibùdó: aṣọ ìsùn rẹ̀ tó bo ọmọ dé ẹsẹ̀, síngílẹ́ẹ̀tì, bàtà híhun àti nápì tó ti ya. Súwẹ́tà funfun kékeré tí Lindy sọ pé ọmọ náà wọ̀ lé aṣọ ìsùn rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Kọ́rónà, ìyẹn adájọ́ tí ń ṣèwádìí ikú, tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀ràn náà ní Alice Springs ni Denis Barritt. Ní oṣù Kejì, ọdún 1981, ó ka ìpinnu rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo ìlú ń gbọ́, pé dingo ló gbé ọmọ náà, pé àwọn òbí rẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó fi kún un pé ó jọ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan aṣọ náà lẹ́yìn ikú ọmọ. Gbólóhùn kan yìí ni àlàfo tí àwọn ọlọ́pàá gbà wọlé padà.

Ahesọ ti gba ìgboro kan kí ìwádìí tó parí. Àwọn kan ní ńṣe ni pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ fi ọmọ rúbọ nínú aṣálẹ̀ nítorí ìjọ wọn. Àwọn kan ní ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú kì í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ojú gbígbẹ bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìjọ tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí sí náà ló ní ilé ìwòsàn tí tẹrú-tọmọ mọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dédé gbà á gbọ́ níbẹ̀ pé ìjọ náà ń fi ọmọ rúbọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ náà kò pọ̀ ní Ọsirélíà ìgbà náà, àwọn tó mọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ sì kéré sí i. Mo mẹ́nu ba ahesọ yìí nítorí pé inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣiṣẹ́ wọn. Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó ṣí àpò ẹ̀rí.

Wọ́n kó aṣọ ọmọ náà lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n James Cameron ní London, onímọ̀ nípa òkú tí orúkọ rẹ̀ tóbi ní ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ pé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ṣàn sí ọrùn aṣọ náà fi hàn pé ńṣe ni wọ́n dú ọmọ náà, pé òun kò rí àmì eyín dingo kankan lára aṣọ. Ó tún tan iná ultraviolet sí i, ó sì sọ pé òun rí àpẹẹrẹ àtẹ́lẹwọ́ kékeré kan, ọwọ́ àgbàlagbà obìnrin, tí ẹ̀jẹ̀ ti fi ya ara aṣọ náà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Cameron yóò dúró ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òun kan náà ló ṣàyẹ̀wò òkú Maxwell Confait ní London ní ọdún 1972, nínú ẹjọ́ tí wọ́n fi dá àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta lẹ́bi, tí wàhálà nípa àkókò tí ikú náà wáyé sì wà nídìí ohun tó mú kí ilé ẹjọ́ fagi lé ìdájọ́ wọn ní ọdún 1975. Òkìkí ọ̀gá náà ṣáájú rẹ̀ dé Darwin, ìtàn Confait kò sì dín iyì tí àwọn tó ń gbọ́ ọ fún un kù.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1981, oṣù mẹ́tàlá lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá gba ọkọ̀ Torana aláwọ̀ ìyeyè tí ìdílé náà ń lò, wọ́n sì tú u wò. Joy Kuhl, onímọ̀ nípa ohun alààyè tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ìjọba ní Sydney, ló ṣàyẹ̀wò àwọn àbàwọ́n inú rẹ̀. Ó dára kí òǹkàwé mọ bí àyẹ̀wò yìí ṣe rí, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni ti kẹ́míkà orthotolidine, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà bí ó bá kan ẹ̀jẹ̀. Ó kàn ń tọ́ka sí ibi tó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ wà ni. Kò fìdí ohunkóhun múlẹ̀, nítorí pé àwọn nǹkan mìíràn wà tó lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Àyẹ̀wò kejì ló ń wá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ jòjòló ní irú haemoglobin kan (haemoglobin ni èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀) tó máa ń dín kù títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Onímọ̀ náà yóò mú omi ìdánwò kan tí wọ́n pèsè láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, èyí tí wọ́n ṣe pé kí ó máa dá irú haemoglobin yẹn nìkan mọ̀. Yóò gbẹ́ ihò kékeré méjì tó dojú kọra sí inú jẹ́lì tó wà lórí gíláàsì. Yóò fi omi ìdánwò náà sí ọ̀kan, yóò fi omi tó fi rẹ àbàwọ́n sí èkejì, yóò sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú jẹ́lì náà kọjá kí méjèèjì lè pàdé. Bí omi ìdánwò bá dá ohun tó ń wá mọ̀, ìlà funfun tín-ín-rín kan yóò yọ láàárín ihò méjèèjì. Joy Kuhl sọ pé òun rí ìlà yìí léraléra: lára àga iwájú ọkọ̀, lára àpò kámẹ́rà Michael, àti ní pàtàkì jù lọ, lára irin kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí ohun kan ti ta wínníwínní bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tú jáde láti inú iṣan ọrùn.

Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Darwin ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1982, níwájú Adájọ́ James Muirhead, ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba, Ian Barker, sọ ni pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí Lindy fi kúrò nídìí iná, ó gbé ọmọ lọ sí iwájú ọkọ̀, ó fi àlùmọ́gàjí gé e lọ́rùn, ó fi òkú rẹ̀ pamọ́ sínú àpò kámẹ́rà, ó sì padà wá jókòó ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í ní alẹ́ náà jẹ́rìí sí i pé kò sí ohun tó yàtọ̀ lára rẹ̀. Obìnrin Tasmania náà tún sọ pé òun gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti padà dé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọmọ náà ṣì wà láàyè lẹ́yìn àkókò tí ìjọba ní wọ́n ti pa á. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹ̀rí kan ṣoṣo yìí ti dá ẹjọ́ náà dúró. Àmọ́ ẹnu obìnrin kan tó lọ pàgọ́ lo ìsinmi kò tó nǹkan kan lójú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, nígbà tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rí ẹni tó wá láti láàbù ìjọba.

Àwọn onímọ̀ tó jẹ́rìí fún olùjẹ́jọ́ kò dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Barry Boettcher láti Yunifásítì Newcastle sọ fún ilé ẹjọ́ pé omi ìdánwò tí Joy Kuhl lò lè yọ ìlà fún ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròyé lásán, nítorí pé ní ọdún 1979 Michael àti Lindy ti fi ọkọ̀ yìí kan náà gbé ọkùnrin kan tó fara pa, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ béèrè gíláàsì tí àwọn ìlà náà ti yọ kí onímọ̀ mìíràn lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó, èsì tí wọ́n gbà ni pé wọ́n ti dà á nù, gẹ́gẹ́ bí àṣà láàbù náà, wọn kò sì ya fọ́tò rẹ̀. Èyí ni ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí. Wọ́n fẹ́ fi ìlà kan sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n gbére, ìlà náà kò sì sí nílẹ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti rí, àfi ẹni tó sọ pé òun rí i.

Ohun tó sì burú ju dída gíláàsì nù lọ ni ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́: kí ni àyẹ̀wò yìí yóò sọ bí a bá gbé e sórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rárá? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n ọjà péye, ohun tí ó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé lé e. Kò sí ẹni tó lọ mú irin abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù Torana mìíràn, tí ọmọ kankan kò kú sínú rẹ̀, láti fi ṣe ìfiwéra. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni ìyẹn ì bá gbà.

Adájọ́ Muirhead, nínú àkótán ọ̀rọ̀ rẹ̀, kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú méjìlá tí yóò pinnu ẹjọ́ náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nílé ẹjọ́ sì rò pé wọn yóò dá tọkọtaya náà sílẹ̀. Wọ́n dá wọn lẹ́bi. Michael, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú ọmọ náà, gba ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún tí wọ́n dá dúró kí ó lè tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Lindy lọ sí ẹ̀wọ̀n Berrimah, ó sì bí ọmọbìnrin kan ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún náà, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kété lẹ́yìn tó bí i. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọ ẹ̀bẹ̀ wọn ní ọdún 1983. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà kọ̀ ọ́ ní oṣù Kejì, ọdún 1984, pẹ̀lú adájọ́ mẹ́ta sí méjì.

Iṣẹ́ tó yí ọ̀ràn náà padà kò ti láàbù ọlọ́pàá wá. Les Smith, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ tí ìjọ Adventist dá sílẹ̀, mú irú aṣọ tí Azaria wọ̀, ó sì fi hàn pé eyín dingo lè gé e ní gígé tó jọ ti àlùmọ́gàjí, kódà pẹ̀lú àwọn òwú wẹ́wẹ́ tí àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba ní àlùmọ́gàjí nìkan ló lè yọ. Òun náà ló tún wádìí ohun tó ta sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n wo àwọn Torana mìíràn tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà, wọ́n rí irú àbàwọ́n yìí gẹ́lẹ́ lára irin wọn. Ọ̀dà ni: èyí tí wọ́n máa ń fín sí ara irin ọkọ̀ nílé iṣẹ́ kí ariwo má baà pọ̀ nínú rẹ̀, tó sì ti ta gba ihò kan wọlé. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀.

Bí ìjọba agbègbè Àríwá (Northern Territory), níbi tí Darwin àti Uluru wà, ṣe ń kọ̀ láti tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, arìnrìn-àjò kan jábọ́ láti orí Uluru ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, ó sì kú. Àwọn tó lọ wá òkú rẹ̀ rí súwẹ́tà funfun kékeré kan tí iyanrìn ti bò dé ìdajì, ní agbègbè tí ihò àwọn dingo pọ̀ sí. Súwẹ́tà Azaria ni, èyí tí ìjọba ti sọ fún ilé ẹjọ́ pé irọ́ ni Lindy ń pa nípa rẹ̀. Ó tún tú ẹ̀rí mìíràn ká: wọ́n ti sọ pé bí dingo bá gbé ọmọ, itọ́ rẹ̀ ì bá wà lára aṣọ ìsùn, nísinsìnyí wọ́n rí aṣọ tó bo ibi tí itọ́ náà ì bá wà. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 1986, wọ́n tú Lindy sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Trevor Morling darí tú gbogbo ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì náà palẹ̀, ìjábọ̀ rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1987. Ohun tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí Cameron pè ní àtẹ́lẹwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ jẹ́ iyanrìn pupa aṣálẹ̀. Kẹ́míkà orthotolidine máa ń yí àwọ̀ padà fún bàbà pẹ̀lú, ọkọ̀ náà sì ti Mount Isa wá, ìlú tí eruku bàbà ti ń fò káàkiri. Oṣù mẹ́tàlá nínú ooru ọkọ̀ sì ti pọ̀ jù fún haemoglobin kankan láti ṣì wà ní ipò tí irú àyẹ̀wò yẹn fi lè ṣeé gbára lé. Morling parí ọ̀rọ̀ sí pé bí àwọn ẹ̀rí yìí bá wà níwájú ilé ẹjọ́ ní ọdún 1982, adájọ́ ì bá pàṣẹ fún àwọn ará ìlú méjìlá náà pé kí wọ́n dá tọkọtaya náà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà fetí sí àwọn onílẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ àwọn atọpasẹ̀ sì gba ipò tó yẹ kí ó ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ wọn nípa iyanrìn náà ti wà fún ìrandíran kí láàbù Sydney tó dáyé, òun ló sì bá òtítọ́ mu.

Ìjọba kọ́kọ́ fi àforíjì ṣe é, bí ẹni pé ọ̀ràn kan wà tí wọ́n ń forí jì wọ́n. Ìdílé náà kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1988, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ méjèèjì pátápátá. Ní ọdún 1992, wọ́n san mílíọ̀nù 1.3 dọ́là ilẹ̀ Ọsirélíà fún wọn gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú. Síbẹ̀, ìwé ìjọba kò tíì sọ ohun tó pa Azaria. Ìwádìí kẹta, ní ọdún 1995, fi ìdí ikú rẹ̀ sílẹ̀ láìpinnu. Nígbà tó fi máa di ọdún 2001, dingo ti pa ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Fraser Island nígbà náà, àkọsílẹ̀ àwọn ìkọlù mìíràn sì ń pọ̀ sí i, débi pé kò sí ẹni tó tún lè sọ pé ẹranko náà kì í fọwọ́ kan èèyàn. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2012, Kọ́rónà Elizabeth Morris, nínú ìwádìí kẹrin, kéde pé dingo ló kọlu Azaria tó sì gbé e lọ. Ó bá ìdílé náà kẹ́dùn ní gbangba, wọ́n sì fún àwọn òbí náà ní ìwé ẹ̀rí ikú ọmọ wọn tí ìdí ikú tòótọ́ wà nínú rẹ̀, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wà ní ibùdó náà.